Ọmọ Òṣogbo àti àwọn yunifásítì tó ṣòro wọ̀ jù lọ: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ láti Òkè-Fìà, Ìgbọ̀nà, Ògo-Olúwa àti káàkiri Òṣogbo ló ń bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí. Bí wọ́n ṣe ń béèrè ni mo ṣe kọ ọ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti jinlẹ̀, mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Níbi tí kò bá ti nílò àlàyé, mo kọjá lọ.

Láti JSS1 ni ọmọ mi ti ń gba ipò kìíní. Ṣé Harvard yóò gbà á?

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ní ọdún 2024, àwọn 54,008 ló béèrè fún ààyè ní Harvard, 1,937 ni wọ́n sì gbà. Kò pé mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún kan náà, 28,232 ló béèrè ní MIT, yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n gba 1,275. Gbogbo èèyàn la kó pọ̀ síbẹ̀ o, àti ọmọ Amẹ́ríkà àti àlejò. Bí a bá yọ àwọn tó wá láti ilẹ̀ mìíràn sọ́tọ̀ ní MIT, nǹkan bíi méjì nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ń wọlé, torí ilé-ìwé náà fi ààlà sí iye àlejò tó lè wà nínú kíláàsì kan. Ààlà ọ̀hún kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ.

Ipò kìíní dára, kò sì sí bí ọmọ ṣe fẹ́ wọ irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ tí èsì rẹ̀ kò bá sí lókè. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó ń béèrè níbẹ̀ ló gba ipò kìíní níbi tí wọ́n ti wá, láti Seoul títí dé Nairobi. Èsì tó dára kàn ń jẹ́ kí wọ́n ka ìyókù fáìlì ọmọ náà dáadáa ni. Ìyókù yẹn ni wọ́n fi ń yan ẹnì kan sílẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé.

Bó bá jẹ́ méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ṣé a ò kúkú lè béèrè ní ogún ilé-ìwé, kí ọ̀kan ṣáà bọ́ sí i?

Common App, ìyẹn fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ń lò pọ̀, gbà kí ọmọ kan béèrè ní ilé-ìwé tó tó 20. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò rí bí ẹ ṣe rò ó. Fáìlì kan náà ni gbogbo wọn yóò kà. Bí àléébù kan bá wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ni yóò rí i. Ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan sì tún ní àwọn ìbéèrè tirẹ̀ tí ọmọ gbọ́dọ̀ kọ ìdáhùn sí. Ogún ilé-ìwé a máa sọ ọmọ di ẹni tó ń da ọ̀rọ̀ kan náà kọ káàkiri, ẹni tó ń kà á yóò sì mọ̀. Mẹ́jọ sí mẹ́wàá tí ẹ fara balẹ̀ yàn dára jù lójú tèmi.

Ẹ má sì gbà pé méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ọmọ yín gan-an. Àpapọ̀ gbogbo èèyàn ni iye yẹn. Ọmọ tó ń wá iṣẹ́ ẹnjiníà ní MIT tó sì ń gba C nínú Mathematics, àǹfààní tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ti yege dé ìpele àgbà nínú Olympiad, ìyẹn ìdíje ìṣirò tí National Mathematical Centre ń ṣe, tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó lè dá iye rẹ̀ sọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọmọ yín ní àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, owó yín ló ń wò.

Kí ló yẹ ká kọ́kọ́ wò kó tó di pé a ń yan ilé-ìwé?

Ẹ wo ẹni tó máa sanwó. Bí ẹ kò bá mú ìdáhùn mìíràn lọ lójú ìwé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú èyí.

Owó ọdún kan ní Harvard, tí a bá ka ilé, oúnjẹ àti ìwé mọ́ ọn, ti lé ní 80,000 dọ́là. Ìdílé mélòó ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló lè san án? Nítorí náà, ìlànà tí ilé-ìwé kan ń tẹ̀ lé lórí owó ní ipa ńlá lórí àǹfààní ọmọ yín, ó sì bani nínú jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òbí kì í béèrè nípa rẹ̀ títí gbogbo nǹkan á fi parí.

Àwọn ilé-ìwé kan wà tí kì í wo àpò òbí rárá nígbà tí wọ́n bá ń pinnu ẹni tí wọ́n máa gbà, yálà ọmọ onílẹ̀ ni tàbí àlejò. Bí wọ́n bá ti gba ọmọ tán ni wọ́n ń ṣírò ohun tí ìdílé lè san, tí wọ́n á sì gbé ìyókù. Need-blind ni ẹ ó máa rí i tí wọ́n ń pè é lójú ìwé wọn. Harvard, Yale, Princeton, MIT, Amherst, Dartmouth àti Bowdoin wà nínú wọn, Brown náà sì ti dara pọ̀ láìpẹ́ yìí. Ẹ wò ó, díẹ̀ ni wọ́n.

Àwọn tó pọ̀ jù ń wo àpò. Stanford ń wò ó fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, Columbia náà ń wò ó. Kò túmọ̀ sí pé wọn kì í gba ọmọ tálákà. Wọ́n ń gbà wọ́n, wọ́n sì máa ń ṣe dáadáa sí ẹni tí wọ́n bá gbà. Àmọ́ owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àlejò kò pọ̀, bí ọmọ méjì bá sì ṣe déédéé, tí ọ̀kan nílò 80,000 dọ́là tí èkejì kò nílò kọ́bọ̀, ẹ̀yin náà mọ ẹni tó ṣeé ṣe kí wọ́n mú.

Àwọn kan máa ń gba òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé àwọn kò nílò ìrànwọ́, pé bí ọmọ bá ti wọlé tán ni kí wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹ má gbà. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tó ń wo àpò, ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí kò bá béèrè ìrànwọ́ nígbà tó ń fi orúkọ sílẹ̀ kò ní lè béèrè mọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ ó wá ní lẹ́tà ìgbàwọlé lọ́wọ́, kò sì ní sí ibi tí ẹ ó gbé e gbà.

Ìyá ọmọ ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, èmi ń wa ọkọ̀. A ò ní ìwé owó oṣù. Báwo la ṣe fẹ́ fi hàn pé a ò lówó?

Ìbéèrè yìí máa ń dùn mọ́ mi, torí ìdílé tó ń béèrè irú rẹ̀ gan-an ni ètò yẹn wà fún. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, Harvard ti sọ pé ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju 100,000 dọ́là lọ, tí kò sì ní dúkìá ńláńlá, kò ní san nǹkan kan. Ẹ yí i sí náírà kí ẹ fi wé ohun tí ẹ ń pa.

Fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó tí púpọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé náà ń lò ni CSS Profile. Owó ilẹ̀ yín ni ẹ ó fi kọ ọ́, kì í ṣe dọ́là. Ẹ kọ iye tó ń wọlé gan-an lóṣù tí ọjà yá àti lóṣù tí ọjà kú, kí ẹ wá ṣírò ọdún kan. Ẹ to àwọn ẹ̀rí tí ẹ ní jọ: ìwé tí ìyá ọmọ ń kọ ọjà sí, àkọsílẹ̀ báńkì, káàdì àjọ, rìsíìtì owó ilé-ìwé àwọn àbúrò. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú kan ní èdè tó yé èèyàn: irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, iye ẹni tó ń jẹun nínú ilé, ìyá àgbà tí ẹ ń tọ́jú, ilé tí ẹ kò tíì kọ́ parí. Ilé tí kò parí náà jẹ́ dúkìá, ẹ má fi pa mọ́, ẹ kàn ṣàlàyé ibi tí ẹ bá a dé.

Ìwé èké ni kí ẹ má gbà láyè. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ parọ́, wọ́n lè gba ààyè náà padà, kódà lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wọ kíláàsì. Bí owó fọ́ọ̀mù CSS tàbí owó ìforúkọsílẹ̀ bá ṣòro, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìgbàwọlé, ẹ ṣàlàyé. Common App ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń yọ̀ǹda owó fún ẹni tí kò ní, àwọn ilé-ìwé ńlá sì máa ń gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń tún ṣe fún àwọn òbí: Harvard, Yale àti àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú Ivy League, ìyẹn yunifásítì àdáni mẹ́jọ tó lórúkọ ní Amẹ́ríkà, kì í fún ọmọ ní sìkọ́láṣíìpù torí pé ó mọ̀wé tàbí torí pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ohun tí ìdílé kò ní ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá ní òun ń ta fọ́ọ̀mù sìkọ́láṣíìpù Harvard fún ọmọ tó gba A1 mẹ́sàn-án, irọ́ ló ń pa.

A gbọ́ pé Amẹ́ríkà kò fún ọmọ Nàìjíríà ní físà mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àṣẹ kan tó kan Nàìjíríà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026, àṣẹ náà dá fífún ọmọ Nàìjíríà ní físà àbẹ̀wò àti físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró, títí kan F tí àwọn tó ń lọ yunifásítì ń gbà. Àwọn tí físà wọn ṣì wà láàyè nígbà tí àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ kò sí lára àwọn tó kàn. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Keje 2025, wọ́n ti dín físà ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kù sí èyí tó ń lo oṣù mẹ́ta, tí èèyàn sì lè fi wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Irú àṣẹ báyìí a máa yí padà. Wọ́n lè tú u, wọ́n sì lè mú un le sí i. Nítorí náà, ẹ lọ sí ojú ìwé ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà ní Nàìjíríà fúnra yín kí ẹ tó ná owó kankan, kí ẹ sì tún lọ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí èsì bá jáde. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹni tó ń ṣiṣẹ́ físà ní ẹ̀bá Ọláìyá.

Ṣé kí ọmọ máa béèrè lọ síbẹ̀? Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ni, bí kò bá jẹ́ Amẹ́ríkà nìkan ló gbójú lé. Yunifásítì kì í wo físà kó tó gba ọmọ, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń gbà kí ọmọ tó ti gba ààyè sún ìwọlé rẹ̀ síwájú ọdún kan bí ó bá bẹ̀ wọ́n. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn kí ẹ béèrè ìlànà wọn lórí èyí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá kọ orúkọ ilé-ìwé mẹ́wàá sílẹ̀ ní àkókò yìí, tí gbogbo wọn sì wà ní Amẹ́ríkà, ó ń fi ọdún kan ta tẹ́tẹ́.

Ibo la tún lè wò?

Kánádà: Yunifásítì Toronto ní sìkọ́láṣíìpù Lester B. Pearson, tó ń san owó ilé-ìwé, ìwé, àwọn owó pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ àti ilé gbígbé fún ọdún mẹ́rin. Ilé-ìwé girama ọmọ ló gbọ́dọ̀ fà á kalẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo sì ni ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lè fà kalẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kìíní SS3, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé wa kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Gánà: Ashesi ní Berekuso, tí Patrick Awuah dá sílẹ̀ ní 2002, kéré, ó sì lórúkọ rere. Wọ́n ti ń bá Mastercard Foundation ṣe ètò ìrànwọ́ fún àwọn ọmọ Áfíríkà tó mọ̀wé tí wọn kò lówó. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà kó tó wọ Gánà. Àwọn òbí kan máa ń yọ ṣùtì sí i torí kì í ṣe òkè òkun, mo sì máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún èrò wọn pa.

Oxford àti Cambridge ńkọ́? Ọmọ kò lè béèrè ní méjèèjì lọ́dún kan náà. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ni ilẹ̀kùn ń tì, ó ṣáájú ti ọ̀pọ̀ àwọn yòókù. Nǹkan bí 23,000 ló ń béèrè ní Oxford lọ́dún fún ààyè tó tó 3,300, èyí tó lè jẹ́ kí ẹ rò pé ó rọrùn ju Harvard lọ. Kò rọrùn. Àwọn tí èsì wọn ti ga tẹ́lẹ̀ ló ń béèrè, owó àlejò níbẹ̀ sì lé ní 35,000 pọ́n-ùn lọ́dún, ìrànwọ́ fún ẹni tó ń gba oyè àkọ́kọ́ kò sì pọ̀. WAEC nìkan kò sì tó fún wọn.

WAEC nìkan kò tó? Kí wá ni ọmọ fẹ́ mú lọ?

Ó yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Ní Oxford àti Cambridge, A-level, IB tàbí irú wọn, ìyẹn àwọn ìdánwò tó ga ju WAEC lọ, ni wọ́n ń béèrè. Ní Amẹ́ríkà, WASSCE jẹ́ ẹ̀rí pé ọmọ parí girama, wọn kì í fi dandan mú A-level. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí kún un ni èsì táàmù kọ̀ọ̀kan fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ìyẹn láti JSS3 dé SS3. Ẹ lọ wá àwọn ríṣọ́ọ̀tù yẹn nílé nísinsìnyí. Bí ọmọ bá ti pààrọ̀ ilé-ìwé, ẹ padà lọ síbi tó ti kúrò kó tó di pé ọ̀gá ibẹ̀ fẹ̀yìn tì tàbí òjò pa ìwé.

Ọmọ tó wà ní SS3 kò tíì ní èsì WAEC nígbà tó ń béèrè. Olùkọ́ ni yóò kọ èsì tó ń retí pé ọmọ náà yóò gbà. Kí olùkọ́ kọ òótọ́.

SAT ńkọ́? Wọ́n ní kò pọn dandan mọ́.

SAT ni ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ń wò kí wọ́n tó gba ọmọ. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé gbà kí ọmọ béèrè láìṣe é. Láti ìgbà náà, MIT ti tún sọ ọ́ di dandan ní 2022, Dartmouth, Brown, Harvard àti Caltech sì tẹ̀ lé e ní 2024. Yale gba SAT, ACT tó jọ SAT, AP tó jọ A-level, tàbí IB, ohun tí ọmọ bá ní. Ẹ ka ìlànà ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́dún tí ẹ fẹ́ béèrè.

Ohun tó máa ń dá ọmọ Òṣogbo dúró jù níbí ni páásípọọ̀tù. Ní Nàìjíríà, páásípọọ̀tù òkèèrè nìkan ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe SAT. Káàdì NIN kò tó, káàdì ilé-ìwé kò tó. Láti oṣù Kẹsàn-án 2025, èyí tó ní ojú ìwé 32 tó sì ń lo ọdún márùn-ún ti di 100,000 náírà. Owó SAT fúnra rẹ̀ lé ní 100 dọ́là. Ẹ bẹ̀rẹ̀ páásípọọ̀tù ní SS2, kí ẹ sì rí i pé orúkọ tó wà lórí NIN, WAEC àti páásípọọ̀tù bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Adéọlá níbì kan, Adeola Mary níbòmíràn, ìdààmú nìyẹn.

Láti 2023, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe SAT fún àwọn tó wà lókè òkun, pẹ̀lú áàpù tó ń jẹ́ Bluebook. Fóònù kò ṣiṣẹ́ fún un. Láptọ́ọ̀pù tàbí iPad ni. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já láàárín ìdánwò, áàpù náà kì í dúró, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ìdáhùn ránṣẹ́ ló nílò rẹ̀. Ìdánwò ìdánrawò wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Bluebook, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì wà ní Khan Academy. Bí kò bá sí ààyè nítòsí, ẹ múra àtilọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó, kí ọmọ sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Kí ọmọ kúrò ní Òṣogbo ní aago mẹ́rin òru kó lọ jókòó ṣe ìdánwò, mi ò fọwọ́ sí i.

TOEFL?

Ìdánwò tó ń fi hàn pé ọmọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọmọ tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í sábà nílò rẹ̀. Harvard kì í béèrè. Ẹ yẹ ti ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan wò.

Ọmọ mi kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Lẹ́yìn ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀bù ló ń jókòó sí. Kí ni yóò kọ síbi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tó ń ṣe?

Kó kọ ṣọ́ọ̀bù! Fọ́ọ̀mù Common App ní ààyè mẹ́wàá fún ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kò sì síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ alárìíyànjiyàn tàbí ẹgbẹ́ aláfẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ọmọ fi àkókò rẹ̀ ṣe, iye wákàtí tó ń lò lọ́sẹ̀, àti ohun tó yí padà torí pé ó wà níbẹ̀.

Òṣogbo ìlú aró la wà. Mo ti bá ọmọbìnrin kan sọ̀rọ̀ tó ń bá ìyá rẹ̀ rẹ àdìrẹ láti kékeré, tó mọ ìgbà tí aró ti kan àti ìgbà tí kò tíì kan, tó ń dá àpẹẹrẹ sí aṣọ, tó tún ń bá oníbàárà ná ọjà. Kò kọ ọ̀kankan sílẹ̀. Ó kọ pé òun jẹ́ igbákejì olórí ẹgbẹ́ kan nílé-ìwé, ẹgbẹ́ tó ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún. Iṣẹ́ aró tó pamọ́ yẹn ní kẹ́mísírì nínú, ó ní ìṣirò nínú, ó ní sùúrù nínú. Mo rọ̀ ọ́ pé kó gbé e síwájú, ó sì gbà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó ń kọ́ àwọn kékeré ní ilé kéwú, ẹni tó ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń tún fóònù ṣe fún àdúgbò, ẹni tó ń tọ́jú àbúrò mẹ́ta kí ìyá tó ti ọjà dé. Ìtọ́jú àbúrò wà lára ohun tí wọ́n ń kà sí. Kí ọmọ kọ wákàtí rẹ̀ láìfi kún un.

Ẹ má ṣe sáré dá NGO sílẹ̀ fún ọmọ oṣù mẹ́ta ṣáájú ìforúkọsílẹ̀. Àwọn tó ń ka fáìlì ti rí irú rẹ̀ púpọ̀.

Kí ló yẹ kó kọ sínú àròkọ?

Ọ̀rọ̀ 650 ni kò gbọ́dọ̀ kọjá. Kí ọmọ kọ nípa ohun tí òun nìkan lè kọ.

Mo máa ń rí àròkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún Ọ̀ṣun, igbó tí UNESCO kà mọ́ ohun ìní àgbáyé ní 2005, arugbá, odò, àlejò láti Brazil. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọmọ náà kò sí nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ka ìwé pẹlẹbẹ arìnrìn-àjò lè kọ ọ́. Bí àǹtí rẹ̀ bá ń ta omi fún àwọn tó ń lọ sójúbọ, tí òun náà ń bá a gbé e, tó sì ti rí ohun kan níbẹ̀ tó yí bó ṣe ń ronú padà, kó kọ ìyẹn. Ohun kékeré tó rí fúnra rẹ̀ wúlò ju ìtàn ìlú lọ.

Kí ọmọ má sì ta ìyà rẹ̀. Ó lè sọ pé nǹkan le nílé, àmọ́ kò yẹ kó jẹ́ pé àánú nìkan ni ẹni tó kà á yóò mú kúrò níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ bó ṣe ń ronú, ohun tó ń mú un lórí yá, irú ẹni tí wọn yóò bá gbé inú yàrá kan.

Kí ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí ẹ̀rọ bá bá a kọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ní bá ti lẹ́tà olùkọ́ àti ìdáhùn rẹ̀ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mu.

Olùkọ́ ilé-ìwé wa kò ní ímeèlì. Ta ni yóò kọ lẹ́tà fún un?

Olùkọ́ náà ṣì ni. Ẹ bá a ṣí ímeèlì, ẹ bá a ra dátà, kí ọmọ jókòó tì í bí ó ṣe ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ ojú ìwé náà. Ìwọ̀nyẹn kò léèwọ̀. Ohun tó léèwọ̀ ni kí ọmọ tàbí òbí kọ lẹ́tà náà kí wọ́n sì fi orúkọ olùkọ́ sí i.

Olùkọ́ méjì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń béèrè, àti lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn ilé-ìwé tàbí ọ̀gá àgbà. Ẹ yan olùkọ́ tó mọ ọmọ náà, kì í ṣe èyí tó ní oyè jù. Kí ọmọ kọ ojú ìwé kan fún un nípa iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe, ìbéèrè tó béèrè ní kíláàsì, ibi tó ti kùnà tó sì tún gbìyànjú. Àwọn olùkọ́ wa sábà máa ń kọ pé ọmọ náà "jẹ́ onígbọràn, ó sì níwà ọmọlúàbí". Ó dára, àmọ́ kí wọ́n fi àpẹẹrẹ kan tó ṣẹlẹ̀ tì í lẹ́yìn. Kí olùdámọ̀ràn sì sọ nípa ilé-ìwé fúnra rẹ̀: iye ọmọ inú kíláàsì kan, bóyá yàrá sáyẹ́ǹsì wà, bóyá iná ń wà. Àwọn tó ń kà á ń fi ọmọ wé ohun tó ní láyìíká rẹ̀. Ọmọ tí kò rí yàrá sáyẹ́ǹsì lò, wọn kò ní fi wé ẹni tó ní i, bí wọ́n bá ti mọ̀ pé kò ní.

Nígbà wo la óò bẹ̀rẹ̀?

SS2, fún páásípọọ̀tù, SAT àti kíka ìlànà owó. Common App ń ṣí fún ọdún tuntun ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, ìgbà tí Òṣogbo ń kún fún èrò ọdún Ọ̀ṣun, tí dátà sì máa ń fà. Kí ọmọ ti kọ àròkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ tán kó tó dìgbà náà.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé fi ń ti ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn ti àwọn tó fẹ́ tètè béèrè kí wọ́n sì tètè gbọ́ èsì. Ní Harvard, Yale, Princeton àti Stanford, kì í ṣe dandan kí ọmọ tó bá béèrè ní àkọ́kọ́ lọ bí wọ́n bá gbà á, àmọ́ kò lè béèrè ní àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé àdáni mìíràn ní Amẹ́ríkà. Àwọn ilé-ìwé mìíràn ní èyí tó ń dè é: bí wọ́n bá gbà á, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ. Kí ọmọ tó nílò owó ronú dáadáa kó tó gba irú ìdè bẹ́ẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ gbogbogbòò ń parí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kìíní. Èsì ń jáde ní ìparí oṣù Kẹta, ọmọ sì gbọ́dọ̀ fèsì títí di ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún.

Ẹnì kan ní òun mọ èèyàn ní ọ́fíìsì ìgbàwọlé, pé ká mú mílíọ̀nù méjì wá.

Ẹ má mú un wá. Ní 2019, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan àwọn òbí olówó tí wọ́n fún William Singer lówó kó lè gba ọ̀nà ẹ̀yìn mú ọmọ wọn wọ yunifásítì. Àwọn òbí kan ṣẹ̀wọ̀n, ilé ẹjọ́ sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ fún Singer fúnra rẹ̀ ní 2023. Àwọn tó ní mílíọ̀nù dọ́là rèé.

Bí ẹ bá fẹ́ ìmọ̀ràn, EducationUSA ń ṣiṣẹ́ ní Èkó àti Àbújá lábẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Wọ́n ti ń ṣe ètò Opportunity Funds, tó ń bá àwọn ọmọ tó mọ̀wé tí òbí wọn kò lówó gbé ìnáwó ìdánwò àti ìforúkọsílẹ̀; ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ó ṣì ń lọ.

UNIOSUN ti gbà á. Ṣé kó wọlé ni, àbí kó dúró fún ọdún kan?

Ìpinnu tó le jù nìyí, mi ò sì ní bá yín ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí: ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, ọmọ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ yunifásítì níbòmíràn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́ lójú wọn. Transfer ni wọ́n ń pè é, ààyè fún irú wọn sì kéré gan-an, bẹ́ẹ̀ ni owó ìrànwọ́. Ọmọ tó fẹ́ gbìyànjú dáadáa sàn kó ṣe é kó tó wọlé.

Ní ìdà kejì, ọdún kan nílé láìsí ètò a máa pa ọmọ lára. Bí ó bá máa dúró, kó ní SAT tó fẹ́ ṣe, iṣẹ́ tó ń ṣe, àti ọjọ́ tí wọn yóò parí ọ̀rọ̀ náà. Bí owó páásípọọ̀tù àti SAT kò bá sì tíì sí nílẹ̀, kó wọ UNIOSUN, kó gba oyè tó dára. Àwọn yunifásítì ńlá kan náà ń gba ọmọ Nàìjíríà fún oyè kejì àti PhD, ní ti PhD sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà, ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń sanwó ẹ̀kọ́ tó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní owó oṣù. Mo mọ̀ pé òbí kì í fẹ́ gbọ́ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún sí i. Ọ̀nà gidi ni, púpọ̀ ló sì ń gbà á.

Wọn ò gbà á. Ṣé ó lè tún béèrè lọ́dún tó ń bọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí kò bá tíì wọ yunifásítì. Àmọ́ kó má fi fáìlì ti àná ránṣẹ́. Kó ní ohun tuntun: èsì WAEC tó ti jáde, SAT tó ga sí i, ọdún kan tó ṣe iṣẹ́ kan tó ní ìtumọ̀. Kó tún tò àwọn ilé-ìwé rẹ̀ lọ́tọ̀, kó fi àwọn tí kì í wo àpò ṣáájú, kó sì fi méjì tàbí mẹ́ta tí kò sí ní Amẹ́ríkà kún un. Àwọn ilé-ìwé kì í sọ ìdí tí wọ́n fi kọ ọmọ, ẹ má sì jókòó wá a nínú àròkọ rẹ̀ tàbí nínú ìwà rẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí èsì bá jáde, ẹ jẹ́ kó sùn, kó jẹun, kó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ lè dúró di ọ̀sẹ̀ kejì.